Níbo gan-an ni kí n ti gé ọ̀rọ̀ òyìnbó? Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ti dá mi lágara

Télọ̀ Òkè-Fíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà.

Aṣọ ni mò ń rán níbí, l'Óṣogbo, lẹ́bàá Òkè-Fíà. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wà ní kíláàsì karùn-ún, ó sì ń múra ìdánwò Common Entrance. Bó bá ti jáde nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù mi ló ń bọ̀ tààrà. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ la ti jọ máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kó gé ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́wàá sí sílébù. Mo ní èyí ò le. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ ní sílébù Yorùbá, àtẹ́wọ́ la fi ń kà á: Ò-ṣo-gbo, mẹ́ta. Ọ̀-ṣun, méjì. A-lá-ǹ-gbá, mẹ́rin. Gbogbo fáwẹ̀lì tó o bá rí, ìgé kan ni. Ǹ tó bá dá dúró, ìgé kan lòun náà. Kò tanni jẹ rí. Òfin yẹn náà la gbé lọ bá òyìnbó. Mo mú àgékù aṣọ dúdú kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sí i, ọmọ ń pàtẹ́wọ́, èmi ń fa ìlà síbi tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti dún.

Mẹ́ta ló gbà nínú mẹ́wàá: pa-per, pen-cil, ti-ger. Méje tó kù rèé bí a ṣe gé wọn: ba-sket, ca-bin, bu-tton, ta-b-le, ca-ke, wal-ked, s-choo-l. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo ẹ̀, wọn ò kọ ìdí kankan sí i. Ọmọ ò sunkún. Ó kàn ki ìwé náà bọ ìsàlẹ̀ báàgì, ìgbà tí mò ń wá abọ́ oúnjẹ ẹ̀ ni mo rí i. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí ọwọ́ èmi ló fa àwọn ìlà yẹn.

Mo bi àgùnbánirọ̀ kan tó wá gba aṣọ, ó ní kí n máa wo díṣọ́nárì. Mo wò ó lórí fóònù. Ti-ger ni wọ́n gé tiger, ṣùgbọ́n cab-in ni wọ́n gé cabin. Kí ló yà wọ́n? Mo wo again, kò tiẹ̀ sí àmì kankan nínú ẹ̀, ẹnu mi sì ń pè é ní ìgé méjì. Mo wo record, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gé e. Ibẹ̀ ni mo ti pa fóònù dé.

Èmi mọ ibi tí apá aṣọ ti ń pàdé èjìká. Bí mo bá ṣì í gé, aṣọ á máa fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lábíyá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí, mi ò rí ojú rírán ẹ̀. Ṣé ó ní òfin ni, àbí orí lèèyàn á fi há a?

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ọdún 34 ni mo fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà tó bá fa ìlà pupa lásán ti ṣe ààbọ̀ iṣẹ́. Jẹ́ kí n bá ọ ṣe ààbọ̀ tó kù.

Kọ́kọ́ tún àwọn àṣìṣe ọmọ náà wò. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wá. Sílébù Yorùbá kì í ní kọ́ńsónáǹtì nídìí: fáwẹ̀lì nìkan ni, tàbí kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì, tàbí n àti m tó dá dúró. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ léra wọn lẹ́nu wa. Ìdí nìyẹn tí bread tó jẹ́ sílébù kan lẹ́nu wọn fi di bú-rẹ́-dì, mẹ́ta, lẹ́nu wa, tí glass fi di gí-lá-à-sì, mẹ́rin. Ọmọ rẹ ò kàn gé e bó ṣe wù ú. Òfin Yorùbá ló tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀: ca-bin, ba-sket, ta-b-le bíi tábìlì. Sọ èyí fún un kó lè gbọ́ ọ, nítorí ọmọ tó bá rò pé òun ya òmùgọ̀ kì í gbìyànjú mọ́.

Ohun tó yí padà nìyí. Àwa ń kọ ohun tí etí gbọ́. Òyìnbó máa ń kọ fáwẹ̀lì tí kò ní dún. Nínú fáwẹ̀lì inú cake, lẹ́tà a nìkan ni à ń gbọ́. E tó wà níparí ò dún rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí lẹ́tà a pe orúkọ ara rẹ̀. Yọ e kúrò lára hope, hop ló kù, ohùn fáwẹ̀lì náà sì yí padà. Nítorí náà, fáwẹ̀lì tí etí gbọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà, ẹ fi èyí tí ojú rí sílẹ̀. Ìró fáwẹ̀lì kan, sílébù kan.

Ẹ fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀ ná, torí ọwọ́ lè pàtẹ́ níbi tí ẹnu ò dé. Ní kó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, kó kàn án pẹ́kẹ́, kó wá pe paper. Àgbọ̀n á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kó pe cake: ẹ̀ẹ̀kan. School ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí bí a ti ń pè é nílé, a máa ń fi ìró i sáàárín s àti k, a tún máa ń fi ìró u ti l lẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ́ wọn: kó ṣe bí ejò, ssss, kó má gbé ohùn sókè, kó ti ibẹ̀ bọ́ sínú kool láìmí. Lẹ́yìn náà kó dín ejò náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúrú. Tó bá ti mọ school, kẹ́ ẹ lọ sí street, tí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ṣáájú fáwẹ̀lì. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú texts: ìró mẹ́rin ló to lẹ́yìn e, k-s-t-s, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ sílébù kan.

Walked: sílébù kan ni. Àgbà tó lọ yunifásítì pàápàá ń pè é ní wal-ked. Ed tó ń fi ohun tó ti kọjá hàn kì í di sílébù àfi tí ìró t tàbí d bá wà níwájú rẹ̀: want-ed, need-ed. Played, washed, walked, kan-kan ni gbogbo wọn. Clothes náà, kan ni, bó o ti ń rán an lójoojúmọ́ yẹn.

Ó wá ku ibi tí a ó ti gé e. Sílébù tí fáwẹ̀lì bá parí, mo máa ń pè é ní ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ti-ger, pa-per, mu-sic. Fáwẹ̀lì á na ọrùn jáde, á pe orúkọ ara rẹ̀. Èyí tí kọ́ńsónáǹtì bá parí, ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì: cab-in, riv-er, lem-on. Fáwẹ̀lì á kúrú. Bó o bá gé e sí ca-bin, ohùn kéì ni wàá máa retí, bíi ti ba-con. Gbogbo ilé Yorùbá ló ṣílẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí ti-ger fi rọrùn fún un tí cab-in kò sì rọrùn.

Tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, gé e láàárín wọn: bas-ket, but-ton, rab-bit. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí òfin tó dáni lójú. Ṣí ìlẹ̀kùn kọ́kọ́, pè é. Tí kò bá jọ ọ̀rọ̀ tó o mọ̀, tì í, kó o tún un pè. Le tó wà níparí ọ̀rọ̀ máa ń fa kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra: ta-ble, lit-tle, bot-tle. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó dùn mọ́ ọ nínú: l nínú table àti n nínú button lè dá jẹ́ sílébù láìní fáwẹ̀lì kankan, gẹ́gẹ́ bí ǹ inú a-lá-ǹ-gbá tí o kọ́ ọ. Òun ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Sípẹ́lì ló máa fi ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yẹn jàǹfààní jù. Kí ló dé tí dinner fi ní n méjì, tí diner ní ẹyọ kan? N àkọ́kọ́ ló ti ìlẹ̀kùn: din-ner. Di-ner ṣí i sílẹ̀. Hop-ping ni ti ẹni tó ń fò, ho-ping ni ti ẹni tó ń retí. Ọmọ tó bá gbọ́ ìlẹ̀kùn kò ní máa há a sórí bóyá lẹ́tà kan ni àbí méjì.

Ọmọ Àyàn

Bàbá ti sọ ọ́, ẹ ṣeun, sà. Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un, torí ọmọ SS3 ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì, mo sì ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń já sí lọ́dún mẹ́fà sí i.

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Tí bàbá mi bá fi gángan pe Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹgọ́ ń kan awọ, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tiẹ̀. Kò sí èyí tó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ. Òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá ní sílébù púpọ̀, ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbígbé mì. Tíṣà á pè é ní sítírẹ́sì. Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ stress yẹn gan-an, sílébù kan lẹ́nu wọn, mẹ́rin lẹ́nu wa. WAEC máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ èyí tí wọ́n tẹ̀, wọ́n á ní kọ́mọ mú èyí tó tọ̀nà. Tí ọmọ ò bá mọ̀ ọ́n gé, kò ní mọ ohun tó ń mú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àyálò wa. Ibi tí òyìnbó bá tẹ̀, ibẹ̀ ni àwa sábà máa ń fi ohùn òkè sí. Gómìnà: GOV-er-nor. Kọ̀ǹpútà: com-PU-ter. Yunifásítì: u-ni-VER-si-ty. Àwọn tó kọ́kọ́ yá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ka ìwé kankan nípa ẹ̀, etí ni wọ́n fi gbà á. Mo máa ń ní káwọn ọmọ mi pe ọ̀rọ̀ ní Yorùbá kí wọ́n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo bá a mu o. À ń pe sinimá, wọ́n ń pe CIN-e-ma. Tẹlifíṣọ̀n náà ò bá TEL-e-vi-sion dọ́gba. Ẹ lò ó bí ẹni ń lo ọ̀pá, kí ẹ má fara tì í pátápátá.

Ibi tí wọ́n bá ti gbé fáwẹ̀lì mì ni sípẹ́lì ti ń dani rú. Ta ló lè gbọ́ a tó wà níparí grammar? Ẹ wá mọ̀lẹ́bí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ sílébù yẹn: gram-MAT-i-cal. Lẹ́tà a yọjú. Báyìí náà ni PHO-to-graph àti pho-TOG-ra-pher: bí ìtẹ̀ ṣe ń ṣí kiri, bẹ́ẹ̀ ni o kejì ń jí tó sì ń sùn.

Atẹ̀wé Ọláìyá

Ẹ̀gbọ́n télọ̀, lórí díṣọ́nárì yẹn: àmì tẹ́ ẹ rí láàárín ọ̀rọ̀, àwa atẹ̀wé ni wọ́n fi sí i fún. Ibi tí a lè gé ọ̀rọ̀ sí tí ìlà bá kún ló ń fi hàn. A kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ ní òpin ìlà, ó máa ń burú lójú. Torí ẹ̀ ni again àti open ò fi ní àmì nínú irú díṣọ́nárì bíi Merriam-Webster, bẹ́ẹ̀ sílébù méjì-méjì ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ wo ìlà kejì tí wọ́n fi àmì ìró kọ, tàbí kí ẹ tẹ àwòrán ìpè kékeré yẹn, kí ọmọ gbọ́ ọ.

Record jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó wọ aṣọ kan náà. Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, REC-ord, ìlẹ̀kùn tì. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí à ń ṣe, re-CORD, ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyẹn ló fi jẹ́ méjì.

Àti pé àwọn díṣọ́nárì ò fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn. Amẹ́ríkà á gé knowledge sí knowl-edge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á gé e sí know-ledge, torí àwọn kan ń tẹ̀ lé ìró, àwọn kan ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ìwé sípẹ́lì tí Noah Webster tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1783 ti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fọ́mọdé, ìró ló sì fi ṣe atọ́nà. Tí ìwé ilé ìwé ọmọ yín bá yàtọ̀ sí ti fóònù, tí ilé ìwé ni kó kọ.

Télọ̀ Òkè-Fíà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ṣé, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

A ti dán an wò nírọ̀lẹ́ àná. Iná ti lọ, máṣíìnì dákẹ́, ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Mo sọ fún un lákọ̀ọ́kọ́ pé àṣìṣe méje yẹn, òfin Yorùbá ló tẹ̀ lé. Ó ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́?" Mo ní Bàbá tó ti kọ́ ọmọ fún ọdún 34 ló sọ ọ́. Ó wá yọ ìwé yẹn fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀ báàgì.

School gbà wá lásìkò. Ejò náà pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, oníbàárà tó wá wọn aṣọ rò pé nǹkan wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó bọ́ sí i: ọwọ́ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbójú sókè wò mí. Èmi náà gbé ọwọ́ mi sábẹ́ àgbọ̀n, mo pè é, tèmi ṣì ń mì. Òun ló wá ń kọ́ mi.

Ìlẹ̀kùn yẹn ló yé e jù. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé kéékèèké sórí aṣọ dúdú náà, ó ń tì í, ó ń ṣí i: cab-in, ti-ger, din-ner, di-ner. But-ton, ó ní, "Aláǹgbá ni!" kí n tó sọ ọ́.

Ìbéèrè mi kù méjì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Wednesday, comfortable àti business wà nínú iṣẹ́ wọn. D àkọ́kọ́ nínú Wednesday kì í dún lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣé kó gé ohun tó gbọ́ ni, àbí ohun tó rí? Èkejì, òun ló ní kí n bèèrè. Ó ní báwo ni òyìnbó á ṣe gé Òṣogbo?

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ohùn méjì ni kó ní fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹnu: Wenz-day, méjì, biz-niss, méjì, comf-ta-ble, mẹ́ta lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Ohùn ọwọ́, èyí tó ń pè nínú lọ́hùn-ún nígbà tí bírò bá wà lórí ìwé: Wed-nes-day, bus-i-ness, com-fort-a-ble. Tí wọ́n bá ní kó kà á bí a ti ń pè é, kó lo ti ẹnu. Tó bá ń kọ ọ́, kó lo ti ọwọ́. Kó bi tíṣà rẹ̀ èyí tó ń fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni.

Ní ti Òṣogbo, bi í padà pé sílébù òyìnbó wo ló fi gb bẹ̀rẹ̀. Kò ní rí ọ̀kan. Gb jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Méjì ló jẹ́ lójú wọn. Òfin wọn ni pé tó bá jẹ́ méjì, gé e láàárín.

Télọ̀ Òkè-Fíà

Bàbá, kò tíì jẹ́ kí n ka èsì yín tán tó fi mú ṣọ́ọ̀kì. O-shog-bo ló kọ sórí aṣọ. Ó ya ìlẹ̀kùn, ó tì í lé g lórí, ó wá ní, "Màmá, bas-ket làwọn náà ṣe fún wa." Ìlà tó fà sáàárín g àti b yẹn ṣì wà lórí aṣọ náà, mi ò tíì nù ún.